Mílímítà Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún

Pẹ́ńsùlù ni Sixten fi ya ihò mẹ́rin náà sórí bébà,
nínú oṣù Kejìlá, tí oòrùn ilẹ̀ Sweden
ti ń palẹ̀ mọ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán.
Láti àárín ihò kan dé àárín èkejì rẹ̀:
mílímítà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.
"Èyí," ni ó wí, "kò gbọdọ̀ yẹ̀ láé."
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Kọfí ni mo gbé wọlé.
Ó jágbe mọ́ mi nítorí ibi tí mo gbé ife lé.

Kì í ṣe ọgbọ́n ló bí òfin yẹn, gbèsè ni.
Ẹ̀rọ tó ń lu ihò náà tóbi tó ṣọ́ọ̀ṣì abúlé,
ogún ọdún la ó fi san owó rẹ̀.
"Ẹ yí ohun tó bá wù yín padà," ọ̀gá àgbà wí,
"ẹ ṣáà má bi mí léèrè ẹ̀rọ mìíràn."

Àkọ́bí dé: lítà kan ààbọ̀, irin dúdú látòkè délẹ̀,
ó wúwo bí ẹ̀rí ọkàn tí kò mọ́.
A gbé e lọ sí Arjeplog, sórí adágún tó ti dì gbagidi,
níbi tí itọ́ ti ń di yìnyín kó tó balẹ̀.
A yí kọ́kọ́rọ́. Ó húkọ́. Ó jí, ó ń kérora.
Eivor tó ń bá wa ṣe ìṣirò
fi orí igi gbọọrọ kan ti ara irin, ó fi ìkejì ti etí,
ó dijú.
"Ẹ̀kẹta ló ń sunkún. Òróró kì í tètè dé ìdí rẹ̀."
A tú u palẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ilé náà:
ẹni kìíní á wí tirẹ̀, ẹ̀kẹta á gbà á lẹ́nu rẹ̀,
ẹ̀kẹrin á tẹ̀ lé e,
èkejì, tó fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbọ́n, ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.
Bí a bá ní kí wọ́n máa wí in bí wọ́n ṣe dàgbà síra,
ọ̀pá tó gbé wọn ró á máa gbọ̀n, ilé á tú.
Àbíkẹ́yìn lèmi, ẹ̀gbọ́n mẹ́ta ló ṣáájú mi.
Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e gba orí alumíníọ̀mù.
Ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó la bí kékeré kan,
Sixten ń pè é ní ọmọ ààwẹ̀.
Lẹ́yìn rẹ̀, Eivor ní ká fẹ ihò wọ̀nyẹn di lítà méjì.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn ò kí ara wọn.
A fẹ̀ ẹ́. Ògiri àárín wọn ṣẹ́ kù tín-ín-rín,
àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣípò.
Tọ́bò wọlé: èéfín tó fẹ́ yọ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́,
a ní kó kọ́kọ́ yí kẹ̀kẹ́ kan ná,
kó fẹ́ atẹ́gùn padà sí ọ̀fun àwọn tó tì í síta.
Fáàfù mẹ́jọ di mẹ́rìndínlógún.

Sixten kú sí ọgbà rẹ̀, nídìí igi ápù, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́.
Wọ́n ta ẹ̀rọ ńlá náà ní ìwọ̀n kílò.

Lánàá, Linnea pè mí síwájú kóńpútà.
Wọ́n ti da àwòrán àtijọ́ kọ, wọ́n tún da àdàkọ rẹ̀ kọ,
bàbá, ọmọ, ọmọ ọmọ.
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìrísí ihò karùn-ún kan wà ní etí bébà yìí,
ó rí roboto, kò ní nọ́ńbà. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Mo wò ó títí.
Mo ní kó má wulẹ̀ wọ̀n ọ́n.