Ọkàn Tó Yà Sọ́tùn-ún

Aago mẹ́fà ààbọ̀. Mo tan iná yàrá ẹja,
àwọn abilà rò pé oòrùn Àjàṣẹ́ ló yọ.
Akọ ń lé abo yípo ike,
ẹyin ń rọ̀ gba ojú asẹ́ bọ́ sísàlẹ̀,
ó kéré ju ọkà bàbà lọ, ó mọ́ gaara.

Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi kí Màdáàmù Adéòtí.
Ẹyin kì í dúró de ìkíni:
bí ogójì ìṣẹ́jú bá kọjá, ọ̀kan á di méjì,
méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di agbo ilé,
ilé tó bá sì ti kún,
o ò lè sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Gíláàsì ni abẹ́rẹ́ mi. Iná ni mo fi fà á
títí ẹnu rẹ̀ fi tín-ín-rín ju irun ìpéǹpéjú lọ.
Pupa inú rẹ̀, aró lásán ni, kí n lè rí ibi tó dé.
Oògùn gan-an, lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni,
tí a kọ lódìkejì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo;
bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ń kọjá, á lẹ̀ mọ́ ọn
bí àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹnu.

Bí mo ṣe là á yé Gàníyù àbúrò mi nìyí:
àbùdá kò kúrò nínú yàrá rẹ̀,
ó jókòó, ó ń rán iṣẹ́, òjíṣẹ́ ń gbé e jáde.
Èmi ò fọwọ́ kan ẹni tó rán an.
Ojúde ni mo ti bo òjíṣẹ́ lẹ́nu.

“Kí wá ni iṣẹ́ náà?”
“Pé kí ọkàn yà sósì.”

Ó dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà ọ̀tún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, lọ́nà Wàńdò,
nọ́ọ̀sì gbé rọ́bà àyẹ̀wò lé àyà òsì,
kò gbọ́ nǹkan kan.
Ìyá wa ní ẹkún ti dé ọ̀fun òun
kí ọmọ tó sín, kí rọ́bà tó yẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì,
ó sì wà níbẹ̀, lápá ọ̀tún, ó ń lù kìkì-kìkì,
bí àlejò tó ṣìlé wọ̀
tó sì ti bọ́ bàtà.

Ọjọ́ kejì, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó kọ̀.
Mo fi ìborùn mi wé àwọn àwo
kí omi má baà tutù. Màdáàmù rí mi, kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí iná dé, mo fojú sí awò.
Àwọn tí mo yí lẹ́tà márùn-ún padà fún:
òsì, òsì, òsì.
Nínú ọgọ́rùn-ún tí mo fún ní ojúlówó,
ogójì yà sọ́tùn-ún,
méjìlá dúró láàárín
bí ẹni tí a bi léèrè ọ̀nà tí kò fẹ́ parọ́.
Mẹ́ta kú. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

“Má tíì yọ̀,” ni Màdáàmù wí,
“ó lè jẹ́ oògùn ló bà wọ́n nínú jẹ́. Tún un ṣe.”
Mo tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyí:
oògùn kì í pẹ́.
Bí ara ṣe ń pọ̀ ló ń fẹ́lẹ́,
bí ọbẹ̀ tí a ń bomi lé nítorí àlejò.
Nígbà tó yá, ọwọ́ á tú lẹ́nu òjíṣẹ́,
á jíṣẹ́ rẹ̀ ní àjẹ́yé: ọkàn, yà sósì!
Ṣùgbọ́n ọkàn ti yà. Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Gàníyù dé lọ́jọ́ karùn-ún, sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀,
láti ilé Àgùdà kan tí wọ́n ń tún rẹ́.
Ó tẹrí ba sórí awò.
“Èwo ni tèmi?”
Mo fi hàn án.
Ó rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi bo gíláàsì,
mo ní láti nù ún kí n tó kọ ọ́:
ẹja kọkànlélógún. Ọ̀tún. Ó ń lúwẹ̀ẹ́.