Àtàǹpàkò

Níjọ́sí, ọkọ̀ ló kó lébìrà wá láti ọ̀nà jíjìn;
àwa ará Òṣogbo jókòó ní Kẹlẹ́bẹ,
à ń ka búlọ́ọ̀kù ilé ìjọba
bí ẹni ń ka owó olówó.

Lọ́dún yìí wọ́n rántí
pé òjò kì í rọ̀ sórí òrùlé ẹni
kí garawa ẹni gbẹ.
Wọ́n kọ ọ́: "Sífáwù, lébìrà."
N kò mọ̀wé. Mo tẹ̀ka.

Ọwọ́ mi bó.
Ní Sátidé mo san gbèsè gààrí,
mo ra bàtà fún Múká;
ó fẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bá a.

Ilé náà kò ní jẹ́ tèmi, mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ fèrèsé ilé kẹtàdínlógún,
kí símẹ́ǹtì tó gbẹ,
mo tún tẹ̀ka.

Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́,
kó má rẹ́ ẹ.