Ẹ̀yìn Tó Kanlẹ̀

Ní Ọ̀fà, níbi tí ìjàkadì ti jẹ́ orò,
ẹ̀yìn ẹni kanlẹ̀, ìjà parí.
Àwọn ọmọdé á hó yèè, wọn á ku yẹ̀pẹ̀ sí ọ lórí,
bàbá rẹ á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí Láníhùn dá mi
lẹ́bàá ojú irin.
Mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀: gbì.

Ní Winnipeg, ní òpópónà Sargent,
lókè ilé tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà,
Marlène Desrosiers ní kí n dùbúlẹ̀.
"Fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀."
Mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́,
nítorí Faransé máa ń dà pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.
Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí,
òru ni mo fi ń kó páálí ẹran tó ti dì gan,
bẹ́líìtì mi sì funfun báláú bí ìta ní oṣù Ṣẹẹrẹ.

Rodel kúnlẹ̀ sáàárín itan mi.
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì tí òjò pa.
Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a nídìí mọ́ra,
mo fi ọrùn ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Gáàdì títì ni wọ́n ń pè é.
Mo rò pé títì náà ti tó.
Rodel nà ró bí òpó iná,
ó fi ìgbọ̀nwọ́ wá ọ̀nà láàárín itan mi,
ó ṣílẹ̀kùn láìkànkùn.

Marlène lóṣòó tì mí, ó ń jẹ ápù.
"O tilẹ̀kùn, o wá fi àlejò sílẹ̀ lóòró.
Orúnkún ni kó o fi fà á wá, má fi apá nìkan fà.
Tẹ orí rẹ̀ ba. Orí tó bá tẹ̀, ẹ̀yìn ò ní lè nà.
Di apá aṣọ mú. Di kọ́là mú, kó jìn, kó wọ ẹ̀yìn ọrùn.
Má sì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Gbé ìdí."

Gbé ìdí!
Obìnrin yìí ò mọ ohun tó sọ.
Lédè mi, ìdí la fi ń jókòó,
ìdí ni ibi tí igi ti dúró,
ìdí sì ni ohun tí ọmọdé ń wá tó fi ń bi wá pé "kí ló dé?"
Oṣù mẹ́rin ni mo fi apá jà kí n tó mọ̀dí.

Ọjọ́bọ̀ kan ni. Òtútù ń bu imú jẹ níta,
páìpù tó ń mú ilé gbóná ń húkọ́ bí arúgbó.
Rodel tún kúnlẹ̀. Mo tì í.
Mo fi orúnkún fà á, àyà rẹ̀ kan àyà mi,
mo gbóòórùn àlùbọ́sà tó jẹ lọ́sàn-án.
Ó fọwọ́ ọ̀tún tì mí láyà kó lè dìde.
Mo di ọwọ́ yẹn mú
bí àjèjì ṣe ń di ìwé ìrìnnà mú ní pápákọ̀ òfurufú.
Mo fẹsẹ̀ tẹ ìbàdí rẹ̀, mo yí gbirigbiri bí ọwọ́ aago,
itan kan gun ẹ̀yìn rẹ̀, èkejì gba ojú rẹ̀ kọjá,
mo gbé ìdí.

Díẹ̀ báyìí.
Bí ìgbà téèyàn fẹ́ yọ aṣọ tó ká sábẹ́ rẹ̀.

Rodel fọwọ́ gbá mi nítan, pá, pá.
Mo jọ̀wọ́ rẹ̀ kíá. Ó na apá wò, ó rẹ́rìn-ín.
"Lẹ́ẹ̀kan sí i."
Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé mi sókè, ó fi mí lélẹ̀, gbì,
ó ṣí ẹsẹ̀ mi, ó gorí mi,
ó jókòó síbẹ̀ bí gbèsè.

Lóru yẹn mo pe Láníhùn. Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀.
Pákó ló ń tà ní Ìlọrin báyìí, orúnkún ń dùn ún.
Mo ní níbi tí mo wà,
ẹni tẹ́yìn rẹ̀ kanlẹ̀ ò tí ì ṣubú.
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
"Èló ni wọ́n ń san fún ọ?"
Mo ní èmi ni mò ń sanwó.
Ó rẹ́rìn-ín títí káàdì fi tán.