Ẹni Kẹtàdínlógún

Nẹ́sírìn a máa kà wá láràárọ̀
níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, níwájú ààfin, létí omi,
agboòrùn pupa lọ́wọ́ ọ̀tún,
ìka ọwọ́ òsì ń tọ́ka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.
"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ," ni Ìyá Morádéún wí lọ́jọ́ kìíní,
ó fi ìborùn bojú bí ìka náà ti ń bọ̀.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun gan-an ló ń pariwo pé
"Ó ku ẹnì kan! Ẹ dúró de Tíṣà!"

Èmi ni Tíṣà. Orúnkún mi ò gba àtẹ̀gùn Isitáńbù.
Èmi ni ẹni kẹtàdínlógún níbi gbogbo.
Wọ́n á ti wo wúrà ọba tán kí n tó dé,
ṣùgbọ́n agboòrùn pupa yẹn á wà lókè gangan,
kò ní mì
àfi tí ojú Nẹ́sírìn bá tó bá tèmi.

Ní pápákọ̀ òfurufú ó kà wá kẹ́yìn.
Ó ní a pé. Ó rẹ́rìn-ín, ó pa agboòrùn dé,
mo sì rí ẹgbẹ́ mìíràn lẹ́yìn gíláàsì
tí wọ́n ti ń dúró dè é.

Ilẹ̀ ti ṣú kí bọ́ọ̀sì wa tó kọjá Òwènà.
Àwọn méjì sọ̀kalẹ̀ ní Ìgbàrá-Òkè,
Fámákinwá sọ̀kalẹ̀ ní Ìlárá, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.
Ìyá Morádéún gbàgbé bàtà sábẹ́ àga
torí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti dì mọ́ ọn ní Arákalẹ̀.
Mo ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń lọ.
Ó ku mẹ́sàn-án. Ó ku mẹ́rin.
Ní Ìjọ̀kà, ó ku èmi àti dẹ́rẹ́bà,
òun náà ń bi mí bóyá mo lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀.

Lọ́la wọn á bi mí pé kí ni mo rí.
Màá ní: ààfin, afárá tí àwọn apẹja tò sí,
ológbò tó sùn sórí ẹní olówó ńlá,
tíì nínú ife tí kò ju àtàǹpàkò lọ.
N ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ pé
ẹni tí kò mọ orúkọ baba mi
fojú wá mi fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko.

Iná ò sí. Mo ń fi kọ́kọ́rọ́ táràrà kiri ara ilẹ̀kùn.
"Ta nìyẹn?" Dìẹ́kọ́lá ló ń ké láti ẹ̀yìn ògiri.
"Ẹni kẹtàdínlógún," lẹnu mi wí kí n tó mọ̀.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Tíṣà," ló ní, "ṣé ẹ ti jẹun?"