Iyanrìn Abẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

Àárọ̀ Sátidé, kí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo,
mo ti lọ́ ìró mọ́ orúnkún, mo ti fa garawa omi márùn-ún nínú kànga.
Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu
bí adìẹ tó na ìyẹ́ tó ń yáàrùn.

Ọkọ̀ kékeré ni. Tòkunbọ̀ ni.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi gé etí kàlẹ́ńdà fún ẹni ẹlẹ́ni
kí n tó fi ẹ̀yìn ti àga ọkọ̀ tèmi.
Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò sóhun tó ṣe é.
Kò sọ ti òórùn.
Kì í ṣe òórùn ẹja, kì í ṣe ti epo,
ó jọ wàrà tó kan, tí wọ́n fi aṣọ òtútù dì.

Ìyá Kàfílátù yọjú, pákò lẹ́nu:
“Káún ni kí o bù sí i.”
Alàgbà Fádípẹ̀ ké láti òkè pé fínígà ni, fínígà àti omi gbígbóná.
Ọmọ fọkanáísà ní kí n gbé e lọ sí kááwọ̀ọ̀ṣì,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré, wọn á fi ẹ̀rọ fa ìdọ̀tí rẹ̀ mu.
Mo ní ẹ ṣé, ẹ ṣé.
Ọṣẹ tí mo fi ń fọ tàdáwà kúrò ní ìka ni mo mú.

Mo ká ti iwájú, kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ìdérí bíró lọ.
Abẹ́ ti ẹ̀yìn ni ayé wà.
Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́, ẹyọ kan, kò tó ìka mi méjì.
Ewé tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, irú èyí tí igi àdúgbò wa kì í wọ̀.
Lẹ́yìn náà, iyanrìn.
Kì í ṣe iyanrìn tiwa.
Tiwa a máa ní ìfọ́ ìkarahun nínú, a máa dán bí ojú òpùrọ́.
Èyí dúdú, ó sì hu funfun létí.
Mo fi ahọ́n kàn án, ẹ má bi mí ní ìdí.
Iyọ̀ ni.

Gbémiró ti sọ ọ́ fún mi rí lórí fóònù:
“Màámi, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbí,
kí yìnyín má baà gbé èèyàn ṣubú.”
Mo ní irọ́ ni. Iyọ̀!
Èyí tí mò ń fi orí ṣíbí wọ̀n sọ́bẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn. Ó ti lé lọ́dún kan.

Mo da omi lé e.
Ti àkọ́kọ́ jáde bí kọfí,
ìkejì bí tíì oníwàrà,
ìkẹta bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.
Ó ṣàn kọjá iwájú ṣọ́ọ̀bù onípépà, ó wọ gọ́tà,
iyọ̀ ọ̀nà jíjìn ń wá ọ̀sà lọ.
Mo sìn ín ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta.
Sìn ni mo wí o.
Ẹ má gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Mo sá kápẹ́ẹ̀tì sórí ògiri, òjò Agẹmọ tún pa á.
Ewúrẹ́ onílé sùn sórí èyí tó kéré.
Òórùn náà ò tíì lọ tán.
Ìyá Kàfílátù rí ìbọ̀sẹ̀ lórí okùn aṣọ mi:
“Ta ló bímọ?”
Mo ní inú ọkọ̀ ni mo ti rí i. Kò gbà.
Ó ti gun àtẹ̀gùn lọ bá Alàgbà.

Ọjọ́ Ajé ni mo máa gbé ọkọ̀ jáde, ó gbẹ o, kò gbẹ o.
Màá tẹ́ kàlẹ́ńdà tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wa sílẹ̀ ọkọ̀,
ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí Ẹrẹ́nà, tòsì lórí Ọ̀pẹ,
kí n máa tẹ oṣù mọ́lẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.