Owó Sípíkà

Ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì náírà.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ẹní; kò bí ọmọ kankan.
Ìyá mi ní, "Fi ra àgbàdo, jàre.
Sinimá ń bẹ nílé àwọn tó ni ín."
Àmọ́ ìyá kan náà ni mo bá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀
lẹ́yìn fèrèsé Ọ̀gá Ọbajẹmu,
ó fi ìborùn borí, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀,
ó ń wo tẹlifíṣọ̀n onítẹlifíṣọ̀n.
Ìró kò gba inú gíláàsì kọjá.
Òun ló ń bá wọn sọ ohun tí ètè wọn ń sọ,
wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń ka gbèsè.

Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo rí i.

Ilẹ̀ mọ́, mo di ìsọ̀ Ayédọgbọ́n
lẹ́bàá gáréèjì, ní Kàbà.
Ó to òkú kọ̀ǹpútà dé àjà:
ti báńkì, ti iléèwé, èyí tí alángbá yé ẹyin sí nínú.
"Òkun o," ni mo wí.
"Òkun," ló wí. Kò gbójú sókè.
Mo nawọ́ sí ọ̀kan tí wọ́n fi ń kọ orúkọ aláìsàn rí.
Méjìdínlógún, ó ní. Mo ní mẹ́wàá. Ó rẹ́rìn-ín.
Mo bá a gbé bátìrì inífátà rẹ̀ dénú ilé,
ẹ̀yìn ń ro mí, ó gbà ní mẹ́rìnlá.
"Ọpọlọ rẹ̀ pé," ó ní, "ìrántí rẹ̀ ni kò tó nǹkan,
bíi ti bàbá mi àgbà."
Mo fi mẹ́fà ra ìrántí kún un.
Díìsìkì tí yóò gba sinimá, mẹ́sàn-án.
Wáyà, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀.
Tẹlifíṣọ̀n tó ní ìlà àwọ̀ ewé kan
láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ẹni kọlà, mẹ́wàá.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló ṣẹ́kù. Ebi ń pa mí.
Owó sípíkà dà? Mo ti fi jẹ àkàrà.

Ìpẹtà ti jẹ àpótí ẹ̀rọ náà tán.
Ìyá mi lọ sẹ́yìn àká, ó wọ́ òfì rẹ̀ jáde,
òfì tó hun aṣọ fún ìyàwó mẹ́ta àti òkú kan,
tí kò hun nǹkan mọ́ látìgbà tí èjìká rẹ̀ ti kọṣẹ́.
"Gé e," ó ní.
Mi ò gé e. Mo de ẹ̀rọ mọ́ ọn lóòró,
ọpọlọ lókè, díìsìkì nísàlẹ̀, kí atẹ́gùn lè gba àárín.
Fáànù ń kùn bí ọlọ;
mo kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i lẹ́nu.
Ìyá mi tẹ̀ba, ó wo wáyà pupa, wo dúdú,
ó tú méjì tó lọ́ mọ́ra wọn.
"Èyí tó o bá fẹ́ kó pẹ́," ó ní, "má fà á le."

Iná dé nígbà tí aago mẹ́sàn-án lọ díẹ̀.
Ọkùnrin kan ń sáré lórí afárá. Ó dúró.
Ẹnu rẹ̀ ń lọ. Kò sí ohùn.
Ìyá mi wò mí. Mo wolẹ̀.
Ó tún ìró ró, ó fà àpótí ìjókòó mọ́dìí.
"Ó lóun ò jalè," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn rẹ̀."
Obìnrin kan yọ. "Ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó ti mọ̀.
Ó ń sọ pé, ṣé oúnjẹ ilé ni kò yó ọ?"
Àwọn ọmọ Ọbajẹmu méjèèjì yọ́ wọlé.
Kí iná tó lọ, a ti pé mẹ́sàn-án.

Lóṣù kejì mo rówó, mo ra sípíkà.
Mo so ó. Ọkùnrin orí afárá lanu,
gẹ̀ẹ́sì tú jáde, ó mọ́ gaara:
aago tí ọkọ̀ ojú irin máa gbéra ló ń bèèrè.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Àbúrò nínú àwọn ọmọ Ọbajẹmu dìde,
ó gba ẹ̀yìn òfì, ó fa wáyà sípíkà yọ,
ó padà jókòó.
"Ìyá," ó ní, "ṣé ó jí i ni, àbí kò jí i?"