Ìṣirò inú igbá

Fóònù kan, ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Iná ti lọ ní Kétu láti àná,
bátìrì ku ìlà kan.
Mo gbé e sínú igbá òfìfo
kí ohùn lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

Ìyá Aṣábí ló ń ka èkùrọ́ nínú rẹ̀,
ẹni tí kò di gègé mú rí.
"Mẹ́tàdínlógún," ni ó wí.
Àkùkọ kọ lẹ́yìn rẹ̀.
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní: ẹ tún un gbọ́. Kí ló dín?
Bonifásì, tí Faransé máa ń dì lẹ́nu,
dìde láìnawọ́:
"Mẹ́ta! Mẹ́ta ló dín nínú ogún!"
Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀
bí ẹni tó he owó nínú àpò ṣòkòtò àtijọ́.

Nígbà tèmi, egungun màlúù ni wọ́n ń so mọ́ wa lọ́rùn
bí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu wa.
Mo gbé e sùn lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó rùn.
Màmá mi fẹ́ jù ú sígbó, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú:
bí ilẹ̀ bá mọ́, èmi ni n ó wá ọrùn ẹlòmíì fún un.

Fóònù kú sórí mẹ́rìnlélógún.
Mo ṣì ń wá ẹfun kiri
nígbà tí Rafíátù, láti ẹ̀yìn, fi ohùn arúgbó gbà á:
"Márùndínlọ́gbọ̀n."
Ó dákẹ́ díẹ̀,
ó sì kọ bí àkùkọ.